Ẹ Ra Písítìn Kí Ẹ Tó Gbé Sílíńdà Lọ Sídìí Léètì

Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà AX100 tí wọ́n ń gbé wá fún mi ní Òṣogbo níbí ló jẹ́ pé ẹlòmíràn ti pààrọ̀ písítìn inú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, tí kò sì pẹ́ rárá tó tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún pákápáká, tàbí tó tilẹ̀ nọ́ọ̀kì pátápátá. Ẹjọ́ ayédèrú ni ẹni tó ni ín máa ń rò. Òótọ́ ni nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ohun tí èmi ń rí jù ni pé písítìn àti sílíńdà náà kò bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀: nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí písítìn ni wọ́n wò, kò sẹ́ni tó wọn nǹkan kan.

AX100 jẹ́ ẹ́ńjìnnì two-stroke, ìyẹn irú èyí tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiró. Bó ṣe jáde tuntun, ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó 50 mm, písítìn sì ń rin 50 mm láti ìsàlẹ̀ dókè, èyí tó jẹ́ kó jẹ́ 98 cc. Bí inú sílíńdà bá ti jẹ, wọ́n á fẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì fi písítìn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i. “50” tí ẹ ń rí lórí písítìn bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé sílíńdà tí wọ́n fi 0.50 mm fẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Kò túmọ̀ sí pé písítìn náà fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó 50.50 mm, nítorí bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní wọlé.

Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì. Alumíníọ̀mù ni písítìn, irin sì ni ara sílíńdà tó ń fọwọ́ kàn án. Bí iná bá mú wọn, alumíníọ̀mù máa ń wú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin, afẹ́fẹ́ nìkan ló sì ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára, kò lómi. Fún sílíńdà tó fẹ̀ tó báyìí, 0.04 sí 0.06 mm ni àlàfo tí mo máa ń wá, àfi bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá sọ òmíràn. Ká ní písítìn tí ẹ rà jẹ́ 50.45 mm, tí ihò sì jẹ́ 50.50 mm, iṣẹ́ ti dára. Ẹ mú “50” mìíràn láti ọwọ́ ẹlòmíràn, ó lè jẹ́ 50.48 mm, àlàfo ti di 0.02 mm nìyẹn, ẹ́ńjìnnì náà yóò sì nọ́ọ̀kì nígbà àkọ́kọ́ tó bá gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Bó bá jẹ́ 50.41 mm ni, yóò máa gbá ara sílíńdà, ríìngì (òrùka irin tó yí písítìn ká) yóò sì tètè jẹ. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ara písítìn náà ló ń ṣí ọ̀nà èéfín tó sì ń tì í, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló sì ń ti epo àti afẹ́fẹ́ gòkè, nítorí náà ìpalára àlàfo tó fẹ̀ jù kò mọ sí ariwo nìkan.

Wíwọn písítìn ló ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, nítorí pé kò rí roboto bó ṣe jọ lójú. Orí rẹ̀ kéré ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí orí ni iná ń bá jù. Ẹ̀gbẹ́ tí píìnì (irin tó so písítìn mọ́ ọ̀pá rẹ̀) gbà kọjá sì kéré díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó bá fi maikirómítà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ohun tín-ín-rín, wọn orí písítìn, tó wá ní àlàfo náà ti pọ̀ jù, kò tíì wọn nǹkan kan. Itòsí ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ní ẹ̀gbẹ́ tó dábùú ojú ọ̀nà píìnì. Kí písítìn àti sílíńdà sì ti jọ wà lábẹ́ òjìji kan náà fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Písítìn tí oòrùn ọ̀sán ti pa lórí tábìlì, tó fi ìwọ̀n 20 °C gbóná ju sílíńdà inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ti lè fi ohun tó lé ní 0.02 mm tóbi sí i, ìdajì àlàfo tí à ń wá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nìyẹn.

Ní ti sílíńdà, ẹ wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó dábùú ara wọn. Apá òkè tí ríìngì ń dé àti itòsí ọ̀nà èéfín ló sábà máa ń jẹ jù. Bí ìyàtọ̀ bá ti pọ̀ láàárín àwọn nọ́ńbà yìí, písítìn tuntun kankan kò lè wò ó sàn, ó di ìdí léètì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin.

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá àwọn oníbàárà jiyàn. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ̀ ẹ́ sí 50, a ó ra písítìn bọ́wọ́ bá tẹ owó.” Mi ò kí ń gbà. Sílíńdà la lè fi léètì bá wí, a kò lè fá písítìn. Nítorí náà písítìn ni a ó kọ́kọ́ rà, tí a ó wọ̀n, tí a ó sì gbé òun àti sílíńdà fún oníléètì pa pọ̀, kó lè gbẹ́ ihò náà fún písítìn yẹn gan-an. Irú iṣẹ́ yìí kò sì yẹ kó ṣòro fún wa, nítorí Òṣogbo níbí ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀ sí ní 1980, láti máa ṣe irú ẹ̀rọ bíi léètì. Kí oníléètì ṣẹ́ díẹ̀ kù, kó fi òkúta họ ìyókù títí yóò fi fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dábùú ara wọn sílẹ̀, kó sì dín mímú ẹnu ọ̀nà èéfín àti ti epo kù, kí ríìngì má baà há síbẹ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe bẹntiró nìkan, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀.

Sílíńdà tí wọ́n fi kúróòmù tàbí Nikasil bò nínú, bíi ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgégi, kò ṣe é gbẹ́ báyìí. Bó bá ti bàjẹ́, òmíràn ni kí ẹ rà.

Ó ku ríìngì. Ẹ fi orí písítìn tì í wọ inú sílíńdà kó lè jókòó gún, kí ẹ sì fi fílà géèjì (abẹ irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) wọn ẹnu rẹ̀, 0.15 sí 0.35 mm dára. Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ẹnu ríìngì gbọ́dọ̀ gbá ìṣó kékeré inú ojú ọ̀nà rẹ̀ mú, ọfà orí písítìn sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà èéfín. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀, kó tutù, kó tún gbóná. Ẹni tó ń wà á nìkan ni kó kọ́kọ́ gbé, láti Òkè-Fìà lọ sí Ọlá-Ìyá. Àpò kòkó lè dúró lóko di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.