Ọ̀fọ̀ Tí A Kò Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Ṣe

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé ìwé girama kan lẹ́bàá Kabba, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Wọ́n fi iṣẹ́ olùdámọ̀ràn kún un fún mi, nítorí náà èmi ni wọ́n máa ń ké sí bí ọmọ kan bá ń sunkún tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún 2020. Nígbà tí a ṣílé ìwé padà lẹ́yìn kòrónà, a gbálẹ̀, a nu àga, a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, a ní káwọn ọmọ jìnnà síra wọn, a sì ṣí ìwé síbi tí a bá a dé. Àwọn SS 3 ló kọ́kọ́ wọlé, torí WAEC tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17 oṣù kẹjọ, ìdánwò sì gba gbogbo ọkàn wa. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ọmọ pé ta ni kò sí nílé mọ́.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ti ilé ìwé. Àsìkò kajú ni lọ́dọ̀ wa. Inú àwọn ọmọ kọ́kọ́ dùn, wọ́n bá àwọn òbí wọn lọ ṣa kajú lóko, àfi bí àwọn oníbàárà tó ń wá rà á láti òkèèrè ò ṣe wá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, wọ́n fòfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù keje kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Okun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá tó wà ní Kogi, á mọ bí èyí ṣe dun ni tó. Kò sí agbo ilé tí kò lẹ́ni ní Èkó, ní Abuja tàbí ní Ìlọrin, ẹni tó ń fowó ilé ìwé ránṣẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, ilé là ń gbé e wá sin. Lọ́dún yẹn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n kú sí náà ni wọ́n sin wọ́n sí, orí fóònù làwọn ará ilé ti gbọ́. Kò sí àìsùn òkú, kò sí àwọn àna tó wá kíni, kò sí sàréè tí ọmọ lè lọ dúró tì.

Ti Kogi wa tún wá ju ti ibòmíràn lọ. A wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó gbẹ̀yìn pátápátá nínú ìwé NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka iye àwọn tí àrùn náà mú. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ni wọ́n kéde ẹni méjì àkọ́kọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ sì sọ pé àwọn ò gbà. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, èèyàn 5 péré ló wà lákọsílẹ̀ fún gbogbo Kogi. Mi ò fẹ́ tún àríyànjiyàn yẹn dá sílẹ̀, ọmọ ni mo ń wò. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ní Èkó, tó ń gbọ́ lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú mọ́tò pé irọ́ ni kòrónà, ibo ló fẹ́ gbé ọ̀fọ̀ rẹ̀ sí? Bó bá sọ ohun tó pa bàbá rẹ̀, wọ́n á ní ó ń purọ́. Ó yáa dákẹ́. Àwọn àgbà á wá ní ọmọdé tètè máa ń gbàgbé. Mi ò gbà. Ọmọdé ò gbàgbé, ó kàn ti rí i pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ni.

Ọmọkùnrin kan wà ní JSS 2 tí kì í bọ́ báàgì kúrò lẹ́yìn. Bó bá wọ kíláàsì, orí bẹ́ǹṣì ló máa jókòó sí pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn rẹ̀, okùn méjèèjì á wà léjìká, àyà rẹ̀ á yọ síwájú torí àyè ò gbà á. Bí wọ́n bá lù aago oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa jáde. Kì í kọ nǹkan kan. Olùkọ́ kan nà án torí pé ó ń ṣagídí. Mo pè é sábẹ́ igi máńgòrò, mi ò bi í léèrè báàgì rárá, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ la kọ́kọ́ ń sọ. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ní, “Mà, wọ́n ní àwọn máa wá mú mi lọ wo ibi tí wọ́n sin bàbá mi sí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dé kí n má tíì múra.”

Mo délé, mi ò lè jẹun.

Mo lọ bá ọ̀gá wa pé kí wọ́n fún mi ní ìgbà ẹ̀kọ́ Yorùbá ti ọjọ́ Ẹtì fún nǹkan mìíràn. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi àwọn àgbà ilé wọn ní oríkì ẹni tí wọ́n pàdánù. Ẹni tí kò pàdánù ẹnikẹ́ni, kó mú ti ẹni tó wà láàyè wá. Ọmọ tí kò bá fẹ́ kì í, kó jókòó kó máa gbọ́, mi ò ní í bi í ní ìdí. Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ ki ìyá ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ báàgì yọ ìwé kan jáde nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, èyí tí ìyá àgbà sọ tí òun sì kọ. Ó ń kì í bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi bó ṣe dé ìdajì tí ohùn rẹ̀ há. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ni ọmọ méjì bá gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti ẹ̀yìn, wọ́n kì í lọ títí dé òpin. Ọmọ agbo ilé kan náà ni wọ́n, oríkì ìdílé wọn náà ni. Títí di ọjọ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé àwọn mẹ́ta bá ara wọn tan, mo sì rò pé òun náà ò rántí pé òun lẹ́bí nínú kíláàsì yẹn. Báàgì ò kúrò lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i nílẹ̀ pẹ̀lú tàwọn yòókù.

Láti 2011 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ran ẹni tí àjálù bá lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ wò, kó tẹ́tí, kó wá so ó pọ̀ mọ́ àwọn tó lè gbé e ró, kó má sì fipá mú un sọ̀rọ̀. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ nílé ìwé tó jẹ́ pé dókítà ọpọlọ jìnnà sí i, ta la fẹ́ so ọmọ pọ̀ mọ́? Ìyá àgbà ni. Kátíkíìsì ni, pásítọ̀ ni, lèmọ́mù ni, nọ́ọ̀sì tó wà ládùúgbò ni. Ọmọ tí kò bá sùn, tí kò jẹun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tó ń sọ pé ó sàn kóun kú, ìyẹn ti kọjá oríkì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn olùkọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé ìwé aládàáni ni kò rí kọ́bọ̀ gbà nígbà tí ilé ìwé wà ní títì. Ọ̀rẹ́ mi kan gun ọ̀kadà, òmíràn ṣe gàrí tà. Wọ́n padà wọ kíláàsì pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn, a sì ń retí pé kí wọ́n máa fi sùúrù bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀. Olùkọ́ tó na ọmọ yẹn, ìyá tirẹ̀ ló kú lọ́dún náà, kò sì ráyè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó fúnra wa nìyẹn lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, a ó sun àgbàdo, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á sọ ọ́. Inú àwọn ìjókòó yẹn náà la ti pinnu láti lọ sílé àwọn ọmọbìnrin tí kò padà wá. Àwọn kan ti lóyún. Ìjà tó wà nínú ìyẹn gùn, n ó kọ ọ́ lọ́tọ̀.

Ìgbà tí a rò pé ọkàn ti ń balẹ̀ ni wọ́n wá já ọgbà ẹ̀wọ̀n Kabba lóru ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, tí ẹlẹ́wọ̀n 240 sì sá jáde. Gbogbo wa ni jìnnìjìnnì bá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ kíláàsì tí mo bi wọ́n pé ta ni kò rí oorun sùn, ọwọ́ ń nà sókè lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí àti ẹni tó dì wọ́n mú. Lọ́dún tó ṣáájú, wọn ì bá má là ẹnu. Báyìí, ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé tó wà lójú ọ̀nà oko ló tún ń da wọ́n láàmú.

Àwọn tó wà ní JSS 1 lásìkò yìí, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n nígbà tí a ti ilé ìwé. Wọn ò rántí orúkọ àrùn náà dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí kò sí nílé. A ò tíì fi ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀. Ní sáà tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí àwọn ìyá àgbà wá sínú kíláàsì fúnra wọn, nítorí ìwé àwọn ọmọ ti ń kún, ó sì ku ọ̀pọ̀ ìdílé tí a kò rí ẹni tó mọ oríkì wọn délẹ̀. Bí ẹ bá wà ní Owé, ní Búnú tàbí ní Ìjùmú, tí ẹ sì mọ̀ ọ́n kì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lọ sí ilé ìwé tó sún mọ́ yín lọ́jọ́ Ẹtì kan, kí ẹ béèrè olùkọ́ Yorùbá.