Wíwá Ọ̀nà Erin Nínú Igbó Omo

Igbó ọba ni Igbó Omo, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, láti 1925, ó sì fẹ̀ ju 1,300 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Erin inú igbó ṣì wà níbẹ̀, irú èyí tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, kéde ní 2021 pé ó kù díẹ̀ kó parẹ́ láyé.

Àwòrán tí àwọn sátẹ́láìtì Landsat àti Sentinel-2 ń yà láti ojú ọ̀run ni mo fi ń wá ibùgbé wọn, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ewé tútù máa ń ta irú ìmọ́lẹ̀ kan padà tí ojú èèyàn kò lè rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ sátẹ́láìtì ń rí i. Àwòrán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo mú, torí ìkùukùu kì í jẹ́ ká rí ilẹ̀ lásìkò òjò. Oko tuntun hàn gbangba. Àmọ́ apá méjì wà tí àwọ̀ wọn jọra, tí mi ò lè yà sọ́tọ̀. Ìyẹn ló gbé mi dé J4, abúlé kan nínú igbó náà.

Bàbá kan tó ti ṣọdẹ rí, tó di ẹ̀ṣọ́ igbó báyìí, ló ṣáájú. Apá àkọ́kọ́, gmelina ni: igi tí wọ́n gbìn, tó tò bí ọmọ iléèwé. Nígbà tá a dé èkejì, bàbá fi àdá nàka sílẹ̀.

“Ọmọ mi, ẹni tó ò ń wá ti kọjá níbí.”

Ìgbẹ́ erin ni, ó ti ń gbẹ. Kóró òro kún inú rẹ̀, ọ̀kan sì ti yọ ewé méjì. Òro tí à ń fi se ọbẹ̀ àpọ̀n náà ni! Erin ló ń gbé kóró náà jìnnà sí ìdí igi tó so ó. Bí erin bá tán, ta ni yóò máa gbìn ín káàkiri igbó?

A tọ ipasẹ̀ náà títí tó fi já sínú oko kòkó. Igi ńlá tí wọ́n fi sílẹ̀ láti ṣíji bo kòkó ni sátẹ́láìtì ń rí, kò rí oko tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò bínú sí àgbẹ̀, ó ní ẹnu tó ń bọ́. Àmọ́ a lè gbin kòkó síbòmíràn, àwọn erin yìí kò níbòmíràn.

Mo ti fi GPS gba ojú ọ̀nà náà, ó ti wà lórí máàpù àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Ẹ̀bẹ̀ mi sí wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣọ́ ibi tóóró tó kù láàárín àwọn oko kòkó, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí ẹnikẹ́ni tó dáná sun ún.