Tuvalu: ojú owó ò ṣeé fọwọ́ kàn

Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ìrànwọ́ tó ń lọ sí àwọn erékùṣù kéékèèké máa ń dé lọ́dọọdún, àṣẹ sì máa ń bá a rìn: ohun tí ẹ ó fi ṣe nìyí, a ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń dí àlàfo bọ́jẹ́ẹ̀tì Tuvalu, orílẹ̀-èdè erékùṣù kékeré kan ní Òkun Pàsífíìkì, lẹ́yìn òmìnira ní 1978. Henry Naisali, mínísítà ìṣúná wọn, wà lára àwọn tó takú pé kí àwọn olùrànlọ́wọ́ kúkú dá owó ńlá kan jọ lẹ́ẹ̀kan, kí Tuvalu máa jẹ èlé rẹ̀. Ní 1987 wọ́n dá Tuvalu Trust Fund sílẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi mílíọ̀nù 27 dọ́là Ọsirélíà. Ọsirélíà, Niu Silandi àti Gẹ̀ẹ́sì ló dá èyí tó pọ̀ jù. Tuvalu náà dá tiẹ̀.

Àkáǹtì méjì, A àti B, ni Trust Fund yìí ní. Ojú owó, ìyẹn owó ńlá tí wọ́n dá jọ, wà nínú A, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ti ń fi dókòòwò. B ni ìjọba lè bu ná. Òfin tó wà láàárín méjèèjì ni mo kà sí ọgbọ́n tó ga jù níbẹ̀: lọ́dọọdún, wọ́n á ṣírò gbogbo owó tí wọ́n ti dá, wọ́n á fi iye tí ọjà fi gbówó lórí ní Ọsirélíà kún un. Èyí tí A bá fi ju iye yẹn lọ nìkan ló ń bọ́ sí B.

Ká ní iye náà jẹ́ mílíọ̀nù 100, tí ọjà sì gbówó lórí pẹ̀lú ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó di 103. Bí A bá ní 107, mílíọ̀nù 4 á bọ́ sí B. Bó bá jẹ́ 98, kọ́bọ̀ ò ní jáde. Lọ́dún kejì, bí ọjà bá tún gbówó lórí bákan náà, iye náà ti lé ní 106. 98 yẹn gbọ́dọ̀ jèrè ju mílíọ̀nù 8 lọ kí dọ́là kan tó yọ. Ìdí nìyẹn tí ọdún òfìfo fi máa ń tẹ̀ léra, bó ṣe ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọjà owó àgbáyé dojú dé ní 2008.

Nítorí náà, ìkòkò omi ẹ̀ẹ̀rùn ni B. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ìjọba rí ọdún méjì tó dáa, kó gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Èrè lè di òfo, owó oṣù kì í dín. Ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn wà tó ń yẹ ètò ìṣúná wò, àmọ̀ràn lásán sì ni tiwọn. Àwọn ọdún kan wà tí Tuvalu fúnra rẹ̀ dá owó B padà sínú A, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ojú owó náà ga.

Nauru, erékùṣù mìíràn ní Pàsífíìkì, rí owó fọ́síféètì (òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀) tó ju gbogbo èyí lọ fíìfíì. Ibi tí wọ́n kó o pa mọ́ sí ò ní irú òfin tó ti ojú owó pa bẹ́ẹ̀: wọ́n ra òtẹ́ẹ̀lì àtilé gogoro, wọ́n fi àwọn ilé náà dúró yáwó, kódà wọ́n náwó lé eré orin kan ní London ní 1993 (eré ọ̀hún ò pẹ́ tó fi kógbá sílé). Ní 2004, ilé wọn tó wà ní Melbourne bá gbèsè lọ.

Nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Erékùṣù Marshall àti Micronesia dá irú Trust Fund bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 2004, wọ́n fi àkáǹtì C kún un. Èrè ọdún tó bá ju ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ni wọ́n ṣètò nígbà náà pé kí wọ́n máa dà sínú rẹ̀ títí dé òṣùwọ̀n kan, kí wọ́n lè rí nǹkan bù lọ́dún tí èrè bá di òfo.