Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú: ohun tí mo kọ́ nígbà tí wọ́n lé ọmọ àbúrò mi wálé

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọmọ àbúrò mi fi ń ṣa òwú nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Pírámárì kẹrin ló wà nígbà náà. Ilé ìwé ìjọba ni, síbẹ̀ wọ́n ní àfi kó mú owó ìdánwò wá. Mo lọ bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà.

Oníbàárà mi kan, lọ́yà, wá gba aṣọ. "Mọ̀mí, kí ló dé tí ọmọ yìí ò lọ sílé ìwé?" Mo rò fún un. Ó ní òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 2004 sọ pé láti Pírámárì kìíní dé JSS 3, ọ̀fẹ́ ni nílé ìwé ìjọba, pé ẹni tó bá gbowó lè sanwó ìtanràn tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin yẹn náà ló mú òbí tí kò jẹ́ kí ọmọ lọ. Èyí dùn mí wọra, torí èmi ni mo mú ọmọ jókòó ti máṣíìnì.

Mo padà lọ. Mo kúnlẹ̀ kí ọ̀gá wọn dáadáa, àmọ́ n ò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé pé torí owó yìí lẹ ṣe lé e, kẹ́ ẹ sì buwọ́ lù ú." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní àwọn ò ní owó tí àwọn máa fi tẹ ìbéèrè ìdánwò. Mo gbà wọ́n gbọ́, àánú wọn tilẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ọmọ wà ní kíláàsì.

Nítorí náà, bí wọ́n bá lé ọmọ yín, ẹ má fi í sílé. Ẹ béèrè ìwé. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ gba ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé abala 18 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kàn ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà tó bá ṣeé ṣe, abala 6 sì ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn pẹjọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ òfin 2004, tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ gbé ìdájọ́ lé ní 2017 pé ó ti sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Láti 1955 ni Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ wa. Ó yẹ kó ti wọ inú ìwé òfin gan-an, láìsí "bó bá ṣeé ṣe" kankan.

Ọmọ náà ti wà ní JSS 2 báyìí. JSS 3 ni òfin yẹn parí sí. Mo ti ń dá àjọ sílẹ̀ de SS 1.