Ẹran Ìgbẹ́ Lójú Ọ̀nà Ṣakí àti Lójú Ọ̀nà Alaska

Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Ìṣẹ́yìn lọ sí Ṣakí rí mọ bí a ṣe ń rí ẹran ìgbẹ́ nílé. Ọmọkùnrin kan á gbé òyà sókè lẹ́bàá ọ̀nà, á di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, dírẹ́bà á tẹ bíréèkì, àwọn èrò ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Nígbà mìíràn ẹtu ni, nígbà mìíràn òkété tí wọ́n so pọ̀. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn. Mo gbọ́ oríkì erin, mo gbọ́ ti ẹfọ̀n lẹ́nu àwọn ọdẹ, mo tiẹ̀ lè kì wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fojú kan ọ̀kan nínú wọn láàyè títí mo fi kúrò ní Nàìjíríà.

Edmonton, ní Kánádà, lèmi àti ìdílé mi ń gbé báyìí. Tí ìgbà ooru bá dé, a máa ń háyà RV, ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, fíríìjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, a ó sì dorí kọ àríwá. Ọ̀nà Alaska ni mo fẹ́ràn jù. Dawson Creek ní British Columbia ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Fort Nelson, Watson Lake àti Whitehorse kọjá kó tó wọ Alaska ní Amẹ́ríkà, ó sì lé ní 2,200 kìlómítà. Àwọn sójà Amẹ́ríkà ló là á ní 1942, nígbà ogun àgbáyé kejì. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n kó wá sínú òtútù yẹn, tí wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan náà pẹ̀lú àwọn funfun. Ní ọjọ́ 25 oṣù October ọdún náà, nítòsí Beaver Creek, Refines Sims, sójà aláwọ̀ dúdú, wa katapílà já igbó, ó sì bá Alfred Jalufka, aláwọ̀ funfun, tó ń wa tirẹ̀ bọ̀ láti apá kejì. Ibẹ̀ ni apá ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Mo máa ń pa ìtàn yìí fáwọn ọmọ mi bí a bá ti ń lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn tó ní àwọ̀ bíi tiwọn wà lára àwọn tó la ọ̀nà tí a ń gbà ṣe fàájì.

Ìgbé ayé inú RV, Ìbàdàn gan-an ni. Ní Edmonton, èèyàn á ṣí ẹ̀rọ omi láìro nǹkan kan. Nínú RV, omi tó wà nínú táǹkì náà lo ní. Ìyàwó mi, ọmọ Mọ́kọ́lá, ló ń ṣe àkóso rẹ̀: ife kan fún fífọ ẹnu, abọ́ ò gbọdọ̀ pẹ́ nídìí omi. À ń ṣọ́ bátìrì bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ inverter nílé, à ń gbé sílíńdà gáàsì wò bóyá nǹkan ṣì kù níbẹ̀. Láti Fort Nelson dé Watson Lake lé ní 500 kìlómítà, ilé epo ò wọ́pọ̀ láàárín rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í sì í sí níbi tó pọ̀ jù, nítorí náà a kì í rí ilé epo ká kọjá rẹ̀. Inú igbó Kánádà yìí ni àwọn ọmọ mi tí a bí sí Edmonton ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìdajì gáráwà omi wẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó ń dùn mọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń fi ṣeré yìí ni ìyá mi ń ṣe lójoojúmọ́ títí dòní, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó wù ú.

Ìbẹ̀rù ojú ọ̀nà náà yàtọ̀. Nílé, ènìyàn là ń bẹ̀rù. Tí mo bá wà lọ́nà Òkè-Ògùn tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ìyá mi ò ní jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Lójú ọ̀nà Alaska, bí ènìyàn bá yọ, ìdùnnú ló jẹ́. Ilẹ̀ Yukon, agbègbè Kánádà tí ọ̀nà náà gbà kọjá, fẹ̀ ju ìdajì Nàìjíríà lọ, síbẹ̀ gbogbo ará ibẹ̀ kò tó 50,000. Gúnlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, kí o ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé á dúró bi ọ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ní oṣù June, nǹkan bí agogo mọ́kànlá alẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ ní Watson Lake, ilẹ̀ kì í sì í ṣú tán. A máa ń sùn fọkàn balẹ̀.

Béárì ni wọ́n ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Oúnjẹ kankan, àní ọṣẹ àti ìpara tó ń ta sánsán, kò gbọdọ̀ sun ìta. Àpótí ìdọ̀tí ibẹ̀, irin ni, ọwọ́ ènìyàn nìkan ló lè ṣí i. Nílé, bí irú bá ta sánsán lórí iná, aládùúgbò á yọjú. Ní Liard River, láàárín Fort Nelson àti Watson Lake, ẹni tí yóò yọjú lè má jẹ́ aládùúgbò. Nítorí náà inú ìgò ni irú tiwa ń gbé, ìyàwó mi á tún fi ọ̀rá wé e. Bí a bá ń rìn nínú igbó, agolo kan wà ní ìbàdí mi tí wọ́n fi èròjà ata ṣe, tí a lè fọ́n sí béárì lójú bó bá kọ lù wá.

Èyí tí a rí sún mọ́ wa jù, inú ọkọ̀ la wà. Béárì dúdú ni, ó jókòó sínú koríko lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń fi ètè já òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò tó kún ibẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń já ewé ewúro kúrò lára igi. Ẹ̀fọn bo ojú rẹ̀, etí rẹ̀ ò sinmi. Ó gbójú sókè wò wá, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ọmọ mi obìnrin di apá mi mú, kò sọ̀rọ̀ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Nítòsí Liard náà ni agbo bison, ẹran ìgbẹ́ ńlá tó jọ màlúù, ti ń gba ojú títì. Akọ wọn lè wọn 900 kílò. Wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́, àwọn ọmọ wọn pupa rúsúrúsú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, ọkọ̀ tò sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò fọn fèrè. Mo ya fídíò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ṣakí. Ọdẹ ni wọ́n láti kékeré. Wọ́n pè mí lórí WhatsApp.

“Ta ló ni màlúù yẹn?”

“Bàbá, wọn kì í ṣe màlúù o. Ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń dà wọ́n.”

“Kò sẹ́ni tó ni wọ́n, wọ́n wá ń rìn lójú títì báyẹn?”

Mo ní láti ṣàlàyé. Bison ti tán ní agbègbè yẹn tẹ́lẹ̀. Ní 1995 ni wọ́n kó díẹ̀ lọ tú sílẹ̀ síbẹ̀, àwọn yẹn ló ń bímọ. Mo tún sọ fún wọn pé àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ ẹran ìgbẹ́ dáadáa. Moose, ẹran tó ga ju ẹṣin lọ, ló ń kún fírísà àwọn ará Fort Nelson, àwọn Kaska tó ni ilẹ̀ náà sì ti ń dọdẹ kí òyìnbó kankan tó dé. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, tó bá fẹ́ pa moose, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ó ní oṣù tó lè pa á, iye tó lè pa sì níye. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà fáwọn tó ń sọ pé òyìnbó láàánú ẹranko jù wá lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ pé nígbà ayé bàbá wọn, ọdẹ tó bá yìnbọn fún ẹran tó lóyún ní ẹjọ́ tó máa rò. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Èrò ló pọ̀ sí i, ìbọn pọ̀ sí i, owó sì wọ ọ̀rọ̀ náà, tí ẹni tó wà ní Èkó fi ń jẹ ẹtu ìgbẹ́ Ṣakí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a ní igbó tiwa. Ọgbà ẹranko Old Oyo, tí ìjọba sọ di ti orílẹ̀-èdè ní 1991, tóbi tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀, odò Ògùn gbà á kọjá. Kò jìnnà sílé wa, síbẹ̀ kò sí ilé ìwé tó kó wa débẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní màlúù ló pọ̀ níbẹ̀ báyìí ju ẹfọ̀n lọ.

Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi gba Sẹ́pẹ̀tẹ́rí wọ ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko bá ti gbẹ tí ẹran ń wá omi. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún nílé, ojú ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ, pé kò tíì yá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìkan ló ní ká máa bọ̀. Wọ́n ní àwọn mọ ibi tí àgbọ̀nrín ti ń mumi.