Ọdún tí gbogbo wa yí padà: bí a ṣe lọ sí Òkè Ìdànrè

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé kí ọdún yìí tó parí, a gbọ́dọ̀ jọ jáde lọ síbì kan, gbogbo wa pátá o, títí kan Màmá, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa lọ́dún yìí pọ̀ ju ohun tí mo lè máa fi ọkàn nìkan gbé lọ.

Oṣù kẹta la kó kúrò nílé rẹ́ǹtì wa ní Ìjọ̀kà, a kó lọ sílé tiwa ní Ọba-Ilé, ilé tí a ò tíì kùn, yàrá méjì ò tíì ní síílìnì, ṣùgbọ́n kò sí lándílọ́ọ̀dù tó ń kanlẹ̀kùn mọ́, ẹni tó bá ti gbé ilé onílé rí á mọ irú oorun tí mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àkọ́bí wa ṣe WAEC, ó ṣe JAMB, FUTA, yunifásítì ìjọba tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, sì gbà á. Ọjọ́ tí ádímíṣọ̀n náà jáde, ariwo tó pa mú kí ìyá tó ń ta àkàrà níwájú ilé wa sáré wọlé, síbí tó fi ń yí àkàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rò pé iná ló ń jó wa. Ohùn ọmọkùnrin wa yí padà nínú họlidé, tó bá pè mí láti géètì mo máa ń dáhùn pé "ẹ káàbọ̀ Dádì". Àbíkẹ́yìn wọ praimárì wáànù, eyín iwájú rẹ̀ méjì sì yọ, Màmá ló ṣa òkúta wẹ́wẹ́ fún un pé kó jù ú pọ̀ mọ́ eyín náà sórí páànù. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ, ọmọ mi ń ju eyín sórí òrùlé tó jẹ́ tiwa.

Màmá fúnra wọn ńkọ́. Ìyá ọkọ mi ni, láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé ọkọ, Oǹdó ni wọ́n wà. Lóṣù kẹjọ wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, Ọlọ́run ló yọ wọ́n, eegun kankan ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n bàbá àwọn ọmọ ní wọn ò tún lè máa dá gbé mọ́, bí a ṣe lọ kó wọn wá sí Àkúrẹ́ nìyẹn. Wọn ò jiyàn. Wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró, ibẹ̀ ló sì wà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, tí wọ́n bá pààrọ̀ ìró, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un so mọ́ òmíì.

Sátidé tó tẹ̀lé Kérésì la gbéra. A gba Òkè-Àró jáde, ọyẹ́ ṣì bolẹ̀, bí a sì ṣe ń kúrò nígboro ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí kòkó tí wọ́n sá sí etí títì, lórí tapólì àti lórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé. Màmá ní ká sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀. Òórùn yẹn ni wọ́n fẹ́. Kòkó ni bàbá ọkọ mi fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ níléèwé, ni Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ, tí wọ́n á kó hóró rẹ̀ jọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kó tó di pé wọ́n kó o sóòrùn, pé èyí tí wọn ò bò dáadáa kì í ta san-san ní odindi ayé yìí. Àbíkẹ́yìn bi wọ́n pé ṣé inú ẹ̀ ni ṣokoléètì wà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀, iṣẹ́ ló máa yọ ọ́ jáde.

Tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ Àládé, ní Ìdànrè, lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí àpáta, ńlá gidi, tó dúró yí ìlú ká lọ́tùn-ún lósì. A kọjá lọ sí Òdòdé, ibẹ̀ la ti ń gun òkè náà. Màmá ní àwọn ò lọ, wọ́n jókòó ti ìyá kan tó ń ta omi àti mínírà nísàlẹ̀, kó tó di pé a sanwó tíkẹ́ẹ̀tì tán àwọn méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n dàgbà sí.

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600 o. Ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀, ẹ gbé omi dání, ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ lò ó. Ọmọkùnrin yẹn pọn àbúrò ẹ̀ níbi tó ga jù, kò sì sinmi, ọmọ tó jẹ́ pé níbẹ̀rẹ̀ ọdún èmi ló ń bẹ̀ pé kí n bá òun gbé báàgì iléèwé. Bàtà 41 la rà fún un nígbà tí wọ́n wọlé lóṣù kìíní, ó ti di 44.

Èmi àti àkọ́bí la wà lẹ́yìn. Níbi ìsinmi kan ló ti sọ fún mi, kò wojú mi, irin tí wọ́n fi ṣe ìdìmú ló ń fi èékánná ha, ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá débẹ̀ tí mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ńkọ́?" Ọmọ tó ti ń ka iye ọjọ́ tó kù kó wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì láti ìgbà yìí wá! Mo ní kó fọkàn balẹ̀, Ọba-Ilé sí FUTA, Àkúrẹ́ kan náà ni, tó bá pè mí lóru mo máa dé. Ó ní òun mọ̀. A jókòó síbẹ̀ pẹ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń kí wa kọjá, mi ò dìde àfìgbà tó dìde.

Lókè, ìlú kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títí di nǹkan bí 1923 ni àwọn èèyàn fi gbé orí òkè yẹn kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, ti àtijọ́ ṣì wà, ibi tí wọ́n ti ń dájọ́ wà, ibi tí iléèwé wà náà. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ òkè yìí ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ẹ dúró lókè yẹn kẹ́ ẹ wo páànù ilé nísàlẹ̀, ẹ máa mọ ìdí ẹ̀. Ẹsẹ̀ Àgbóògùn ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta, wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, ti ọmọdé, ti àgbà. Àbíkẹ́yìn kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó pariwo pé ó bá òun mu, lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́sẹ̀ 44 bọ́ bàtà, òun náà ní ó bá òun mu. Mo ya gbogbo wọn ní fọ́tò níbẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, Màmá ò bi wá léèrè ohun tí a rí. Wọ́n bi wá pé àwọn àgbà ìlú yẹn ńkọ́, ìgbà tí àwọn ọmọ ní ká máa lọ sísàlẹ̀, ta ló kọ́kọ́ gbà? Ẹni tó mú wa káàkiri ní kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ̀kalẹ̀. Màmá ní, "Ẹn, mo mọ̀. Ẹni tó bí ọmọ síbì kan, tó sin ọkọ síbẹ̀, kò lè jẹ́ ọjọ́ kan." Bàbá àwọn ọmọ gbójú sílẹ̀. Láti oṣù kẹjọ, ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ nǹkan kan nípa kíkó tí a kó wọn kúrò nílé.

A jẹ iyán ní Òdòdé, iyán gidi tí wọ́n gún lójú wa, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, Màmá jẹ tiwọn tán. Inú mọ́tò ni bàbá àwọn ọmọ ti ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Oǹdó, ká ṣí fèrèsé ilé yẹn kí atẹ́gùn wọlé." Sátidé tó ń bọ̀ la máa lọ, kí àkọ́bí tó kó lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, torí òun ló ní òun máa bá Màmá gbá ilé náà.