Ajá kan wà, ó sọnù

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mò ń ṣe láàárín àwọn ọmọ ọdún 4 sí 5 tí mò ń kọ́, iṣẹ́ akọ̀wé ló dùn mọ́ mi jù. Láàárọ̀, mo máa ń jókòó sídìí tábìlì kékeré kan pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ọmọ tó bá ní ìtàn lẹ́nu á wá dúró tì mí, á máa sọ ọ́, èmi náà á máa kọ ọ́ bó ṣe ń jáde. Tó bá ní kìnnìún sunkún títí ó fi di àga, mi ò ní bi í pé báwo. Tó bá di ọ̀sán, gbogbo wa á jókòó yípo, màá ka ìtàn náà sókè, ẹni tó ni ín á mú ipò tó wù ú nínú ẹ̀, àwọn yòókù á pín èyí tó kù: igi, òjò, ilẹ̀kùn. (Ọmọ kan wà tí kì í fẹ́ jẹ́ nǹkan mìíràn ju ilẹ̀kùn lọ. Kò sì sẹ́ni tó mọ ilẹ̀kùn ṣe bíi tiẹ̀.)

Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o. Vivian Gussin Paley ni mo ti rí i kọ́, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Chicago, tó sì kú ní 2019. Ohun tó wù mí lára obìnrin yìí ni pé ó máa ń gba ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ sínú téèpù kó lè tún un gbọ́ dáadáa, bíi pé ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ìtàn ẹ̀ kì í yí padà. "Ajá kan wà. Ó sọnù. Ó délé." Ó parí. Tílẹ̀ bá mọ́, ajá kan tún wà, ó tún sọnù, ó tún délé. Àgbà tó bá gbọ́ ọ á ní ọmọ yìí ò mọ ìtàn sọ. Èmi ò gbà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jáwọ́ lára ìyá lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, kí ló tún fẹ́ mọ̀ ju pé ẹni tó lọ máa ń padà wá?

Ní 1920, Sigmund Freud, dókítà ará Austria tó ń wádìí ohun tó fara sin nínú ọkàn èèyàn, kọ nípa ọmọ-ọmọ tirẹ̀, ọmọ ọdún kan àtààbọ̀. Ọmọ náà á ju kẹ̀kẹ́ òwú, igi kékeré tí wọ́n ń ká òwú mọ́, tí wọ́n so okùn mọ́ lára, sínú ibùsùn ẹ̀ tí wọ́n ta aṣọ yí ká títí kò fi ní rí i mọ́, á sì tún fi okùn náà fà á padà tayọ̀tayọ̀. Freud ní jíjáde ìyá ẹ̀ nílé lọmọ náà ń fi ṣeré. Kò lè pàṣẹ fún ìyá, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ òwú kò lè bá a jiyàn. Mi ò gba gbogbo ohun tí Freud sọ gbọ́, àmọ́ èyí, mò ń fojú mi rí i.

Nígbà tó yá, ìyá ọmọkùnrin alájá yìí bí ọmọ mìíràn. Wọ́n ní nílé, ṣe ló ń gbá ọmọ náà mọ́ra ṣáá. Ló bá wá sídìí tábìlì: "Ajá kan wà. Ọmọ ajá dé. Ó ń ké, ó ń ké. Wọ́n gbé e padà síbi tí wọ́n ti mú un wá. Ajá sùn."

Ọwọ́ ń yún mi kí n fi kún un pé wọ́n fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Mo kó ara mi níjàánu. Lọ́sàn-án, mo ti rò pé ajá ló máa jẹ́, bó ṣe máa ń jẹ́ ẹ. Ó ní rárá, òun ni ọmọ ajá. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó figbe ta. Àwọn méjì gbé e lápá lẹ́sẹ̀, ó di kọ̀rọ̀ yàrá. Kò pẹ́ ló bá ń rákò bọ̀: "Mo ti délé!" Ọ̀rẹ́ ẹ̀ fárí gá pé kò sí i nínú ìwé. Alájá ní, "Àǹtí, ẹ kọ ọ́ sí i." Mo kọ ọ́ sí i.

Lev Vygotsky, onímọ̀ ìrònú ọmọ ilẹ̀ Soviet, sọ ní 1933 nípa ọmọbìnrin méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí wọ́n ní kí àwọn ṣeré tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Lójú ayé, wọn kì í ronú sí i pé ọmọ ìyá làwọn. Nínú eré ni wọ́n ti ń di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí wọ́n ń múra bákan náà, tí wọ́n ń wá ohun tí ọmọ ìyá jẹ́ gan-an. Ọmọkùnrin wa yìí náà ti ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n bí àbúrò ẹ̀. Ó kù kó mọ bó ṣe ń rí láti jẹ́ àbúrò tẹ́nì kan fẹ́ dá padà.

Ìdí nìyí tí mi ò fi kí ń bi wọ́n pé, "Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa?" Tẹ́ ẹ bá ti bèèrè ẹ̀, wọ́n á wo ojú yín, wọ́n á sì fún yín ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́: ká máa gbọ́ràn, ká má jalè. Èyí tí wọ́n ń rò tẹ́lẹ̀ á sá lọ.

Àwọn òbí máa ń bi mí nípa ìtàn tó kún fún pípa. Ṣé kò burú báyìí? Ohun tí mo máa ń wò ni bí ọmọ náà ṣe ń jáde nínú eré. Alájá yìí, bó ṣe ń tún ìtàn kan náà sọ tó, ẹ̀rín ló fi ń kúrò nídìí tábìlì. Tó bá jẹ́ pé eré kan náà lọmọ ń ṣe ṣáá, tí kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá a dá sí i, tí jìnnìjìnnì sì ń bá a ju ti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ, ẹ wá bá mi ká jọ sọ̀rọ̀. Bí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n pa náà á tó dìde bèèrè omi.